Ìjàpá, Ọ̀pọ̀lọ́ àti Kọ́kọ́rọ́ Ọgbà

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó. Kò balẹ̀ sí Ìbàdàn, kò balẹ̀ sí Ọ̀yọ́. Ó fò kọjá òkun, ó já lu ẹrọ̀fọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ta ló bá níbẹ̀? Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo. Ẹ má bi mí pé kí ló gbé e débẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá wà tí ẹni tó ni ín ṣì ń sùn, Ìjàpá kì í pẹ́ dé.

Ní ìgbà ìwáṣẹ̀ ni. Ẹ̀yin alákọ̀wé á ní ìgbà ìwáṣẹ̀ wo. Ó dáa, ọdún 1677 ni.

Lẹ́yìn ìlú Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, níhà ìwọ̀ oòrùn, ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Pápá Márùn-ún. Odò kékeré kan, Westbourne, ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣàn lọ sínú odò ńlá Thames. Màlúù ń jẹko níbẹ̀ lójú ọ̀sán. Olè ń dá èèyàn lọ́nà níbẹ̀ lóru. Afárá tí wọ́n fi ń sọdá odò náà, Afárá Ẹlẹ́jẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá níbi tó ń lọ kì í dúró níbẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ló fi ibẹ̀ ṣelé, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àìmọye ọmọ. Tílẹ̀ bá ṣú, wọ́n á jókòó sétí omi, wọ́n á máa yin ẹrọ̀fọ̀ wọn. Ẹ bá mi gbè é o:

Ibi tó rọ̀ la bí mi sí,
Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀!
Ibi tó rọ̀ ni mo fi ṣelé,
Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀!
Ọba ò mọ̀ mí, olówó ò bẹ̀ mí wò,
Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀!
Mo jẹ, mo yó, mo sùn létí omi,
Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀!

Ẹrọ̀fọ̀ yìí ní olúwa, Ọ̀pọ̀lọ́ ni ò mọ̀. Òkété ló ni ín. Òkété, àgbà ayánilówó, tó máa ń gba èlé kó tó gba ìkíni. Ẹ sì mọ ìwà Òkété: ó ń kó, kì í jẹ, ó ń kó, kì í jẹ. Ó kú ní 1662. Ilẹ̀ tó kó jọ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ẹbí rẹ̀ kan tó ń bá a kọ̀wé. Àjàkálẹ̀ àrùn pa ìyẹn náà ní 1665. Ọmọbìnrin jòjòló kan ló ṣẹ́kù. Kò tíì lè jókòó tó ti di onílẹ̀ éékà bíi 500. Ọmọ yẹn ni Yánníbo.

Nígbà tí Yánníbo pé ọmọ ọdún 12, ìyá rẹ̀ ní ó tó gbé lọ́kọ. Ó ti kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ ìdílé kan fún ọmọ wọn, ọ̀rọ̀ náà ò jọ, owó sì di dídá padà. Ìgbà náà ni Ìjàpá dé. Ọmọ ọdún 21 ni, ó ti ìgbèríko wá, ó wọ bàtà tó mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ilé, Ìyá."

"Kú ọ̀nà, ọmọ mi. Kí lo rí lára ọmọ mi tó wù ọ́?"

"Ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ ni, Ìyá."

Ẹ̀rín ẹnu rẹ̀! Yánníbo ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ẹrọ̀fọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ni ojú Ìjàpá wà.

Wọ́n ṣègbéyàwó. Ọ̀rọ̀ Yánníbo kò dùn ún sọ, n ò sì ní sọ ọ́ pẹ́. Ó dàgbà, ọkọ kú, wọ́n wá ní orí rẹ̀ ti dàrú. Orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ló dàrú o. Ìwé ilẹ̀ rẹ̀ kò dàrú rárá.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbọ́ nǹkan kan kí n má baà gbàgbé. Ìjàpá máa ń pẹ́ láyé. Tó bá sì máa kú, ó máa ń bí ọmọ tó jọ ọ́: ìkarahun kan náà, ọrùn kan náà, orúkọ kan náà. Nítorí náà, tí mo bá pe Ìjàpá ní 1677, tí mo tún pè é ní ọdún tó kọjá, ẹ má ka ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni kan náà ni.

Ìjàpá fi apá ilẹ̀ tó gbẹ kọ́lé, ó rí jẹ níbẹ̀. Ní ti ẹrọ̀fọ̀, ó jókòó tì í. Kò gbin ẹ̀gẹ́ sí i, kò gbin àgbàdo. Ó jókòó. Ọdún 50 kọjá, ó jókòó. Ọdún 100 kọjá, ó jókòó. Àwọn ẹranko ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ìjàpá fẹ́ ọmọ olówó, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ló jogún. Ìjàpá ní, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ọba ò níí gbé ojú kan títí ayé."

Lóòótọ́, nígbà tó di 1825, Kìnnìún ọba ní ilé tí òun ń gbé ti há jù. Ó ní kí wọ́n sọ ilé kan tó wà nítòsí Pápá Márùn-ún di ààfin fún òun. Wọ́n ń wó, wọ́n ń mọ, owó ń lọ bí omi. Ìjàpá ò dá kọ́bọ̀ sí i. Ó kàn gbé àpótí síwájú ẹrọ̀fọ̀ rẹ̀, ó ń gbọ́ ìró òòlù. Ọjọ́ tí ọba bá di aládùúgbò ẹni, ẹrọ̀fọ̀ kì í ṣe ẹrọ̀fọ̀ mọ́. Ilẹ̀ tó súnmọ́ ààfin ló ń jẹ́.

Ní 1826, ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin pé Ìjàpá lè fa omi ibẹ̀ gbẹ, kó gbé ilẹ̀ ga, kó kọ́lé. Ta ni wọ́n bi léèrè? Wọn ò bi Ọ̀pọ̀lọ́.

Ìjàpá ránṣẹ́ pe Ikán. Ta ló tún mọ iṣẹ́ amọ̀ bí Ikán? Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ó sì gbọ́n. Àwọn kọ́lékọ́lé yòókù á pe bíríkìlà lónìí, wọ́n á wá gbẹ́nàgbẹ́nà lọ́la, wọ́n á wá akunlé lọ́tùúnla. Ikán kó gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ sábẹ́ òrùlé kan, ó ń san owó iṣẹ́ fún wọn. Ló bá wá.

"Bàbá Ìjàpá, ẹ kú àárọ̀. Èló lẹ máa ta ilẹ̀ yìí?"

Ìjàpá fa ọrùn wọlé, ó tún yọ ọ́ síta. "Títà kẹ̀? Ilẹ̀ kì í ṣe àkàrà, ọmọ mi. Gbọ́ ohun tí a ó ṣe. Owó tìrẹ. Iyanrìn tìrẹ. Òógùn tìrẹ. Kọ́ ọ kó ga. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e, kó san owó gọbọi fún ọ, kó máa fún mi ní tèmi lọ́dọọdún. Tó bá pé ọdún 99, kí gbogbo rẹ̀ padà sọ́dọ̀ mi, àti ilẹ̀ àti ilé, àti ilẹ̀kùn àti ìṣó tó wà lára ilẹ̀kùn."

Ikán rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá Ìjàpá! Ọdún 99! Ta ni yóò wà láyé nígbà náà?"

"Èmi," ni Ìjàpá wí.

Ikán fọwọ́ sí i. Òun àti àwọn oníṣòwò tó dá owó jọ ló jọ ṣe é. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó bá amọ̀ dáadáa lókè, ó bá òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. Ó fi amọ̀ náà sun bíríkì lójú ibẹ̀. Ẹ ò rí ọgbọ́n: ilẹ̀ Ìjàpá ni wọ́n gbẹ́ sókè, ilẹ̀ Ìjàpá ni wọ́n tún tò sórí ara wọn, tí wọ́n ń pè é ní ilé. Ihò wá ṣẹ́kù. Kí ni wọn ó fi dí i?

Níhà ìlà oòrùn ìlú, wọ́n ń gbẹ́ èbúté tuntun kan lọ́wọ́, St Katharine ni orúkọ rẹ̀. Àwọn Eku ló ń gbé ibẹ̀, tálákà paraku, wọ́n pọ̀ jaburata nínú ilé tóóró. Wọ́n wó ilé 1,250. Ẹ̀dá tí wọ́n lé jáde lé ní 11,000. Ẹni tó ni ilẹ̀ gba owó. Ẹni tó kàn ń gbé ibẹ̀ gba ọ̀nà. Erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá fún Ikán. Ikán dà á sínú ihò, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tó o bá rí ọlọ́lá tó ń rìn ní Belgrave Square títí dòní, orí ilẹ̀ àwọn Eku ló ń tẹ̀.

Belgrave Square. Orúkọ abúlé Ìjàpá ni o. Ìjàpá tí ò dá kọ́bọ̀, orúkọ abúlé tirẹ̀ ló sọ ọ́.

Ilé parí, bíríkì ni. Ọlọ́lá kì í gbé inú bíríkì, òkúta ni ọlọ́lá ń gbé, òkúta sì wọ́n. Ikán ní kò burú. Ó rẹ́ ẹ, ó kùn ún, ó fa ìlà sára rẹ̀, ó jọ òkúta. Gbogbo rẹ̀ funfun bí ẹyin. Ọ̀pọ̀lọ́ ti òkèèrè wò ó. Ó pe ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Ọmọ, ṣé o rí i? Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ wa rèé tí wọ́n fi àtíkè kùn lójú."

Láàárín gbogbo ilé wọ̀nyí, wọ́n fi ibì kan sílẹ̀, éékà mẹ́rin àti ààbọ̀. Wọ́n gbin igi, wọ́n gbin òdòdó, wọ́n tẹ́ koríko. Ọ̀pọ̀lọ́ ní, "Háà, wọ́n rántí wa." Ó kó ẹrù, ó kó ọmọ.

Lédè tiwa, ohun tí a gbìn, ọgbà ni. Ohun tí a fi yí i ká kí ẹlòmíì má wọlé, ọgbà náà ni. Ìjàpá gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó ṣe ọgbà sínú, ó ṣe ọgbà síta, irin gbọọrọgbọ ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ẹni tó bá ń gbé inú ilé funfun ló ní kọ́kọ́rọ́. Ó fi Ajá ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Ọ̀pọ̀lọ́, ẹ kú ìrọ̀lẹ́," ni Ajá wí. "Kọ́kọ́rọ́ yín dà?"

"Kọ́kọ́rọ́ wo? Ibí ni wọ́n bí mi sí."

"Mo gbọ́, Bàbá. Kọ́kọ́rọ́ yín dà?"

"Ibí ni wọ́n sin bàbá mi sí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kọ́kọ́rọ́ yín dà?"

Ọ̀pọ̀lọ́ tẹ̀ lé ọ̀nà padà, ó ń kọrin:

Omi mi dà, odò mi dà?
Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀!
Mo sùn létí omi, mo jí létí ògiri,
Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀!
Igi wọlé, ẹyẹ wọlé,
Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀!
Ìjàpá ṣọgbà, ó tún sọgbà,
Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀!

Odò Westbourne ńkọ́? Wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìyẹn tó bá yá.

Erin kó wọlé. Ẹfọ̀n kó wọlé. Àgùfọn náà kó wọlé, wọ́n gbé àjà sókè fún un. Ní 1840, ìyá ọbabìnrin pàápàá háyà ọ̀kan. Ní iwájú, ilé funfun àti òpó ńláńlá. Ní ẹ̀yìn, ojúlé tóóró fún ẹṣin àti àwọn tó ń fọ ẹṣin. Ìdáná nísàlẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ lókè pátápátá lábẹ́ òrùlé, ọlọ́lá láàárín. Wọ́n ń jẹun alẹ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Kò sẹ́ni tó rántí ọdún 99. Ṣé ẹni tó bá ń jó máa ń ka ìgbésẹ̀ ni?

Ìjàpá ń kà á.

Ní 1931, wọ́n ṣe òfin kan pé irú ọgbà bẹ́ẹ̀, 461 ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sórí rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ti ń fojú wọn òdòdó bí ẹni ń wọn ilẹ̀ ìkọ́lé ká okùn rẹ̀ jọ. Lẹ́yìn náà ni ogun ńlá dé. Ọba nílò irin, wọ́n ń gé ọgbà irin káàkiri ìlú láti fi rọ ohun ìjà. Ọgbà irin tó ti fi ọgọ́rùn-ún ọdún ti ilẹ̀kùn, wọ́n gé e lulẹ̀.

Ẹ̀dá gbogbo bá wọlé. Eku wọlé, Ológbò wọlé lẹ́yìn Eku. Àwọn ọmọ Adìyẹ ń ta kìtì lórí koríko. Ọmọ ọ̀dọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ọ̀gá rẹ̀ ń jókòó sí. Kò sẹ́ni tó kú. Òdòdó ò rọ nítorí pé tálákà wò ó.

Ọ̀pọ̀lọ́ náà wọlé. Ó ti darúgbó. Ó fò díẹ̀, ó sinmi díẹ̀, ó wá odò títí, kò rí i. Ó dé ibì kan lábẹ́ igi, ó da etí délẹ̀. Ó gbọ́ ọ, tàbí ó rò pé òun gbọ́ ọ. Ó jókòó síbẹ̀ títí tí ilẹ̀ fi ṣú. Kò kọrin.

Ogun parí. Irin padà. Kọ́kọ́rọ́ padà. Ajá ní, "Bàbá Ọ̀pọ̀lọ́, ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

Àmọ́ nǹkan kan ti bà jẹ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó lọ sójú ogun ò fẹ́ wá gbé omi gbígbóná gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́rin mọ́. Erin wo yàrá rẹ̀, ó wo ẹni tí yóò gbá a, kò rí ẹnìkan. Ó kó jáde. Ẹfọ̀n kó jáde. Ìjàpá ò sunkún. Ó lọ pe àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè: Jámánì wá, Pọtogí wá, Tọ́kì wá, Nọ́wè wá. Gánà, ọmọ ilé kejì wa, gba nọ́ńbà 13. Òpó funfun kan náà, àsíá nìkan ni wọ́n fi kún un. Ní ti ilé ẹṣin tó wà lẹ́yìn, wọ́n gbá ìgbẹ́ ẹṣin kúrò, wọ́n gbé ibùsùn sí i, olówó ló ń sùn níbẹ̀ báyìí. Ó ń san ohun tí Ẹṣin ò lè san láéláé, ó sì ń dúpẹ́.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àwọn ayálégbé tó wà ládùúgbò wá rí i pé ọdún tó wà nínú ìwé àdéhùn wọn ti kù díẹ̀. Ehoro ló kọ́kọ́ pariwo. "Mo ra ilé! Mo tún òrùlé ṣe! Mo kùn ún bí ìwé àdéhùn ṣe ní kí n máa kùn ún! Ọ̀la, Ìjàpá á ní kí n jáde, kí n fi ìṣó sílẹ̀!" Àwọn yòókù ní òótọ́ ni. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn aṣòfin. Ní 1967, òfin jáde: ẹni tó bá ti pẹ́ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ lè ra ilẹ̀ rẹ̀ pátá, onílẹ̀ fẹ́, onílẹ̀ kọ̀. Wọ́n tún òfin náà ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì dé àdúgbò Ìjàpá.

Ẹ wá wo Ìjàpá! Ìjàpá tó jókòó ti ẹrọ̀fọ̀ fún ọdún 150 kò lè jókòó mọ́. Nígbà tí ilé tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó nǹkan bíi 80, ó gbé ìkarahun kọ́rùn, ó sọdá omi lọ sí Strasbourg, níwájú àwọn adájọ́ àgbà tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn.

Ó wólẹ̀. "Ẹ gbà mí o! Wọ́n ń fi agbára gba ilẹ̀ lọ́wọ́ mi! Ilẹ̀ àwọn baba mi!"

Ọ̀pọ̀lọ́ ò sí ní kóòtù lọ́jọ́ náà. Mo rò ó pé ìbá rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ á fi bẹ́.

Ní oṣù kejì ọdún 1986, àwọn adájọ́ ní kò sí ẹ̀tọ́ Ìjàpá kankan tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo wọn fẹnu kò, ẹnìkan ò yà. Ìjàpá padà sílé. Ní 1993, òfin mìíràn tún jáde tó na ọwọ́ dé àwọn ilé olówó ńlá àti àwọn fúláàtì. Ìjàpá bínú kúrò nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀. Wọn ò lé e o, òun ló bínú lọ. Ẹgbẹ́ tí bàbá ẹni ń dìbò fún láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹ ò rí bí ilẹ̀ ṣe lè dun ẹ̀dá tó!

Ṣé ó wá di aláìní? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ilẹ̀ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì pọ̀ ju èyí tó lọ. Wọ́n tiẹ̀ gbé ère kan kalẹ̀ ní igun ọgbà náà, Ìjàpá ìgbà tí wọ́n kọ́lé gan-an ni, ajá méjì sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nínú àlọ́ tí ẹ ti mọ̀, Ajá ló mú Ìjàpá lọ jí iṣu, tó fi í sílẹ̀ sá lọ. Tibí yìí, idẹ ni wọ́n fi rọ Ajá, kó má baà rí ẹsẹ̀ sá.

Ibi tí mo ti fẹ́ dé gan-an rèé. Ẹ sún mọ́ mi.

Ìlú kan wà, n ò dárúkọ rẹ̀, àwọn ẹranko ibẹ̀ ò ní omi. Wọ́n dá owó kànga jọ. Ewúrẹ́ dá, Adìyẹ dá, Ìgbín tí ò lọ́wọ́ dá. Wọ́n fi owó náà sọ́wọ́ Ìkookò, nítorí pé ó ní ẹnu dídùn, ó sì ń wọ agbádá. Ìkookò ní òun fẹ́ lọ sí òkè òkun lọ wo irú ẹ̀rọ kànga tó dára. Ó wọkọ̀ òfuurufú. Kò wo kànga. Ó lọ sí Belgrave Square.

Ìjàpá rí i látòkèèrè. Ojú ẹni tó ń gbé owó olówó kì í ṣòro dá mọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Alàgbà."

"Bàbá Ìjàpá, èló ni ilé yẹn?"

Ìjàpá dá iye kan. Ìkookò ò ná an. Ẹni tó bá fi òógùn wá owó ló máa ń ná ọjà.

"Ẹ fọwọ́ síbí, Alàgbà."

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Ọdún ni."

"Ẹ kú ọdún o!" ni Ìkookò wí. "Ọdún á yabo!" Ó fọwọ́ sí i.

Ọdún 23 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọdún tó kù nínú àdéhùn ilé náà ni.

Ìkookò ò fẹ́ kí orúkọ òun hàn. Ológbò amòfin mú un lọ sí erékùṣù kékeré kan láàárín òkun, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀kú. Ó wọ̀ ọ́ bí egúngún láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Tí wọ́n bá bèèrè pé ta ló ni ilé yìí, ará ọ̀run ni. Tí wọ́n bá bèèrè pé ọ̀run wo, wọ́n á nawọ́ sí erékùṣù.

Ó gba kọ́kọ́rọ́ ọgbà. Ó wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó rìn yí i ká. Kò sẹ́ni tó kí i. Nílé, tó bá sín, ogún ẹ̀dá ló ń ṣe "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà!" Níbí, Ọ̀kẹ́rẹ́ kan wò ó, ó padà sídìí igi rẹ̀. Òtútù mú un. Ó ti ilé, ó ti ọgbà, ó padà sílé lọ sọ fún ará ìlú pé kànga ń bọ̀. Ilé funfun kò ní iná lálẹ́. Ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní iná. Rin ojú pópó náà já lóru, ọ̀pọ̀ fèrèsé ló ṣókùnkùn.

Àdán ló fẹ́ràn òkùnkùn. Ní 2022, Béárì ilẹ̀ yìnyín ń bá ará ilé rẹ̀ jagun. Ọ̀rẹ́ Béárì kan ni wọ́n ló ni nọ́ńbà 5 ní Belgrave Square, ilé ńlá, kò sẹ́nìkan nínú rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan ní oṣù kẹta, àwọn Àdán gba ojú fèrèsé wọlé, wọ́n so àsíá mọ́ ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n fi ilé náà gba àwọn tí ogun lé. Ọlọ́pàá kó wọn jáde kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ìkookò rí i nínú tẹlifíṣọ̀n, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tèmi kọ́. Mo wọ ẹ̀kú."

Kò tíì dákẹ́ ẹ̀rín. Nínú oṣù kan náà, nítorí ogun yẹn, àwọn aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù ṣe òfin pé gbogbo egúngún tó bá ti ilẹ̀ òkèèrè wá nílé síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí ojú, kí orúkọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ wọ ìwé. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n ṣí ìwé náà. Ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn egúngún kan ṣì ń forí pamọ́ títí di òní, ẹ̀kú lórí ẹ̀kú. Ti Ìkookò jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, atẹ́gùn kan péré ló ká a.

Àkùkọ ló kàwé nínú ìlú aláìlómi. Ó kà á, ó tún un kà. Ó fò sórí àjà, ó kọ: "Ilé kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Kànga Wa!"

Ìkookò sáré dé ọ̀dọ̀ Ìjàpá, ó ń mí hẹlẹ. "Bàbá Ìjàpá, ẹ gbà mí. Ẹ ra ilé mi padà."

"Ilé wo, Alàgbà?"

"Ilé tí mo rà!"

Ìjàpá mú ìwé jáde, ó fi ọwọ́ tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ ò ra ilé. Ọdún lẹ rà. Mo sọ fún yín, ẹ sì kí mi kú ọdún. Mẹ́rin ti lọ nínú rẹ̀. Ó ku mọ́kàndínlógún. Mi ò bá yín jà o. Ẹ má gbàgbé owó ọ̀dà, ó ti tó kùn."

Ìkookò bojú wẹ̀yìn, Ewúrẹ́ ló rí, àti Adìyẹ, àti Ìgbín tó ti ń bọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, koroba lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ó yọ́ gba ojúlé ẹṣin sá lọ. Àwọn kan ní ó wà ní erékùṣù. Àwọn kan ní ó ti gbé àpótí ìbò. Ẹ bá mi gbè é nígbà ìkẹyìn:

Owó kànga dà, omi wa dà?
Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀!
Ìkookò gbé e, ó gbé e sọdá òkun,
Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀!
Kò ra ilé o, ọdún ló rà,
Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀!
Ìjàpá ń ka ọdún lábẹ́ ìkarahun,
Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ ní èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ bá débẹ̀ lóṣù kẹfà, ọ̀pọ̀ ọgbà bẹ́ẹ̀ máa ń ṣílẹ̀kùn fún ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ wọlé, ẹ tẹ koríko. Kí Ajá tó pè yín jáde, ẹ rìn díẹ̀ lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Sloane Square, ẹ sọ̀ kalẹ̀ síbi tí èrò ti ń dúró, ẹ gbójú sókè. Ẹ óò rí páìpù irin ńlá kan tó gba orí ojú irin kọjá láti ògiri dé ògiri. Odò Westbourne ló wà nínú rẹ̀.